Ẹ Má Bẹ́ Orí Lẹ́tà Wa

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì ń pa á bó ṣe wù wá. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀gì àti wẹ́búsáìtì, àwa ọ̀dọ́ tí à ń kọ Yorùbá gan-an la mú àdá lọ́wọ́. Ẹnì kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ dá búlọ́ọ̀gì sílẹ̀ ní Òṣogbo tàbí Iléṣà, á wá theme tó rẹwà, á gbé àkọlé àkọ́kọ́ síbẹ̀, á wá rí i pé àmì orí ọ̀ ti wọ inú ìlà òkè, ẹ́ sanra ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, ṣ sì ti di àpótí kékeré tó ṣófo. Kí ló máa ṣe? Á pa gbogbo àmì rẹ́. “Ọ̀ṣun” á di “Osun,” ojú ìwé á gún régé, á mí kanlẹ̀, á ní òun ti tún un ṣe. Àwa ò gbà. Kò tún nǹkan kan ṣe. Ọrùn ló gé.

Ohun tí a wá sọ kò lọ́jú pọ̀. Tí ẹ̀wù bá há, ẹ̀wù là ń tú. A kì í gé ẹran ara oníbàárà kó lè wọ̀ ọ́. Theme ni ẹ̀wù, èdè ni ara. Ẹni tó bá ń gé èdè kó lè bá theme mu ti fi iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀, ó ti di alápatà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìlú kan ṣoṣo wò. Òṣú wà lójú ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ sí Iléṣà, òun sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Atákúnmọ́sà. Ẹ kọ orúkọ ìlú náà láìsí àmì: Osu. Ní Accra, olú ìlú Ghana, àdúgbò kan wà tó ń jẹ́ Osu, níbi tí ilé olódi tí àwọn ará Denmark kọ́ sétí òkun wà. Nílẹ̀ Ìgbò, osu ni wọ́n ń pe àwọn tí àṣà àtijọ́ yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà, tí àwọn aráàlú kì í bá ṣe àna. Ìjọba Ìlà-Oòrùn ayé ọjọ́un fi òfin de àṣà náà ní 1956, síbẹ̀ orúkọ yẹn ṣì ń ta èèyàn lára. Nínú Yorùbá fúnra ẹ̀, oṣù ni à ń kà lórí kàlẹ́ńdà. Ọmọ Òṣú tó bá wá kọ “omo Osu ni mi” gàdàgbà sójú búlọ́ọ̀gì ẹ̀ nítorí pé theme ò gba àmì, ará Accra á kí i bí aládùúgbò, ọmọ Ìgbò á káàánú ẹ̀, ọmọ Yorùbá á máa bi í pé oṣù wo ni wọ́n bí i. Ìlú odidi ti sọnù sínú lẹ́tà mẹ́ta. Ṣé nítorí pé kí àkọlé lè tò dáadáa náà ni?

Ibi tó tún dùn wá jù nìyí. Láyé ìjọba amúnisìn, Oshogbo, Ilesha àti Oshun ni wọ́n ń kọ. Kò dùn mọ́ wa nínú, àmọ́ “sh” yẹn ṣì gbé ohùn náà dé etí ẹni tó ń kà á. Nígbà tó yá, a ní ká máa kọ ọ́ bí Yorùbá ṣe ń kọ ọ́. A yọ “h” kúrò torí pé ṣ ti ní àmì tirẹ̀ nísàlẹ̀, àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 sì fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní báyìí tí a tún wá yọ àmì ìsàlẹ̀ dànù, kí ló kù? Osogbo. Ilesa. Osun. Kò ní “h,” kò ní àmì. A ò kọ ọ́ bí òyìnbó, a ò sì kọ ọ́ bí Yorùbá. A ju tòkè nù, a ò rí tìsàlẹ̀ mú.

Àwọn kan á ní Yorùbá gan-an ló wúwo, pé àmì ẹ̀ ti pọ̀ jù fún íntánẹ́ẹ̀tì. Irọ́ gbáà ni. Ẹ wo èdè Vietnam. Àmì tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ. Lẹ́tà kan lè gbé ọ̀kan lórí, kó tún gbé ọ̀kan nísàlẹ̀, bí ệ. Síbẹ̀, ẹ ṣí ìwé ìròyìn wọn lórí fóònù, ẹ ó rí i bí ojú ìwé wọn ṣe dán. Kí ni wọ́n ní tí a ò ní? Wọ́n ní àwọn tó jókòó ti iṣẹ́ náà. Nínú Unicode, ìyẹn ìwé ńlá tó fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà, gbogbo lẹ́tà èdè Vietnam pátá ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ àti ọ tiwa náà ní nọ́ńbà, 1EB9 àti 1ECD, àmọ́ ẹ gbọ́ o: inú agbo lẹ́tà Vietnam ni wọ́n wà, torí pé wọ́n ń lò wọ́n níbẹ̀ náà. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwọn. Ẹ ni èèyàn máa kọ́kọ́ tẹ̀, kó tó wá fi àmì ohùn kọ́ ọ lórí, 0301 fún ohùn òkè, 0300 fún ohùn ìsàlẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ká máa sunkún nítorí ìyẹn. Unicode kò gba irú lẹ́tà alápapọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́, fún èdè kankan. Bẹ́ẹ̀ ni kò pọn dandan. Ọ̀nà àfikọ́ yẹn pé pérépéré, fọ́ǹtì tí wọ́n bá ṣe dáadáa sì mọ ibi tí àmì yẹ kó jókòó sí. Noto mọ̀ ọ́n. Andika, Charis àti Gentium tí àwọn SIL ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Ọ̀nà wà nílẹ̀ o. Àwọn tó ń ṣe theme ni ò rìn ín, àwa tí à ń gbé theme wọn ò sì béèrè.

Torí pé ẹni tó bá fẹ́ jà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí igi ti ń gún un lójú, ẹ jẹ́ ká tú àìsàn náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà tó sanra láàárín àwọn tó tín-ín-rín. Google Fonts kì í kó gbogbo lẹ́tà fọ́ǹtì kan ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pín wọn sí apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀ kí fóònù lè mú èyí tó nílò nìkan. Ẹ mú “Ọ̀ṣun.” U àti n wà nínú apẹ̀rẹ̀ tó ń jẹ́ latin. Ṣ wà nínú latin-ext. Ọ àti àmì orí ẹ̀ wà nínú vietnamese. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta fún orúkọ odò kan ṣoṣo! Tí ẹni tó ṣe theme bá gbé latin nìkan sórí sáfà, tàbí tí fọ́ǹtì náà ò ní apẹ̀rẹ̀ vietnamese rárá, bùráúsà á lọ yá Ọ lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn. Òun ni lẹ́tà tó dà bí àlejò yẹn. Kì í ṣe Yorùbá ló bà á jẹ́, ẹrù tí kò pé ni. Ẹ kó apẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tàbí kí ẹ yan fọ́ǹtì tó ní wọn.

Èkejì ni orí tí wọ́n gé ní ti gidi. Àwọn tó ń ṣe theme fẹ́ràn kí ìlà àkọlé fún mọ́ra. Wọ́n á fi line-height sí 1 tàbí 1.1, wọ́n á sọ gbogbo lẹ́tà di ńlá, wọ́n á tún fi overflow: hidden sí i kí ohunkóhun má yọ jáde nínú àpótí. Àkọlé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi wọn ìlà. Lẹ́tà ńlá Gẹ̀ẹ́sì kò ní fìlà, kò sì ní bàtà. Ọ̀ ní méjèèjì. Tó bá débẹ̀, fìlà ẹ̀ á wọ inú ìlà òkè, tàbí kí àpótí gé e sọnù pátápátá. Oògùn ẹ̀ ò ju ìlà kóòdù mélòó kan lọ: ẹ gbé line-height àkọlé sókè sí bíi 1.4, ti ọ̀rọ̀ gangan sí 1.5 ó kéré tán, kí ẹ sì tú overflow yẹn kúrò lára àkọlé. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ìyẹn á ba ẹwà jẹ́, ẹ sọ fún un pé WCAG 2.1, ìlànà tí W3C gbé jáde ní 2018, sọ pé ojú ìwé kò gbọdọ̀ pàdánù ọ̀rọ̀ kankan tí ẹni tó ń kà á bá fẹ àlàfo ìlà dé ìlọ́po 1.5. Wẹ́búsáìtì tó fọ́ nítorí 1.5, kó tó kan Yorùbá ló ti fọ́.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ tó di wúruwùru. Tí ibi kan bá fi UTF-8 pa ọ̀rọ̀ mọ́, tí ibòmíràn wá ń kà á bí kóòdù àtijọ́, ẹ á di áº¹, ṣ á di á¹£. Ẹ wò ó dáadáa: owó pọ́n-ùn ti jáde láti inú Òṣogbo! Ẹ rí i pé UTF-8 ni ojú ìwé, dátábéèsì àti fáìlì tí ẹ fi ń kó ọ̀rọ̀ wọlé jọ ń lò. Ó tán.

Ẹ̀kẹrin ni ìwákiri tí kò rí nǹkan. Akọ̀wé kan tẹ ẹ bíi lẹ́tà kan, èkejì tẹ e kó tó fi ẹyọ àmì kan sábẹ́ ẹ̀, ẹ̀kẹta fi ìlà òòró kékeré dípò ẹyọ àmì. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá wá “Ìjẹ̀ṣà” lórí búlọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ lè má rí àròkọ tó jẹ́ pé Ìjẹ̀ṣà ló kún inú ẹ̀. Ẹ fẹnu kò sí kíbọ́ọ̀dù kan. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ kóòdù, ẹ fi NFC kó àwọn irú tó ṣe é kó jọ, kí ẹ fọwọ́ pààrọ̀ ìlà òòró yẹn, torí pé NFC ò ní bá yín ṣe é.

Ẹ̀karùn-ún ni èyí tí ojú kì í rí. Ọ̀pọ̀ theme máa ń sọ fún bùráúsà pé Gẹ̀ẹ́sì ni ojú ìwé. Bùráúsà á gbà á gbọ́, ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè fún afọ́jú náà á gbà á gbọ́, á wá fi ahọ́n Gẹ̀ẹ́sì ka Yorùbá. lang="yo" ni oògùn ẹ̀. Lẹ́tà méjì péré, yo, orúkọ wa nìyẹn nínú ìlànà ISO, àwọn kan ò sì tíì kọ ọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá búlọ́ọ̀gì sílẹ̀.

Ibì kan wà tí a gbà kí àmì ti kúrò: inú líǹkì. Ṣ inú líǹkì lè di %E1%B9%A3 tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ tẹ ohun tó jọ èpè. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ “oja-osu” síbẹ̀. Àdírẹ́sì lásán ni líǹkì. Àkọlé kì í ṣe àdírẹ́sì, orúkọ ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti àwọn alátakò, torí a ò ní purọ́ pé wọn ò ní ẹnu ọ̀rọ̀.

Wọ́n ní, “Ó ṣáà máa yé wọn.” Òótọ́ wà níbẹ̀. Àgbà tó gbọ́ Yorùbá láti kékeré lè fi gbólóhùn tó yí ọ̀rọ̀ ká mọ̀ bóyá owó ni, ọwọ́ ni, tàbí ọ̀wọ̀. Àmọ́ ta ni à ń kọ ọ́ fún? Ọmọ Iléṣà tí wọ́n bí sí London, tó ń fi búlọ́ọ̀gì yín kọ́ èdè òbí ẹ̀, kò ní ohun tó máa fi méfò. Orúkọ ìlú àti orúkọ èèyàn kì í sì í sábà ní gbólóhùn tó máa là á. Ẹ̀rọ tó ń kọ́ èdè láti orí íntánẹ́ẹ̀tì náà, ohun tí a bá kọ síbẹ̀ ló máa kọ́. Tó bá jẹ́ Yorùbá tí a ti gé lórí la kó fún un, òun náà ló máa kó padà fún àwọn ọmọ wa. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ẹ̀rọ máa bá wa fi àmì sí i lọ́jọ́ iwájú. Ta ló máa kọ́ ẹ̀rọ?

Wọ́n ní, “Fọ́ǹtì á jẹ dátà àwọn tó ń kà wá.” Dátà wọ́n, a mọ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán gàgàrà tó wà lókè búlọ́ọ̀gì yín, lọ́pọ̀ ìgbà, ó tóbi ju apẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn lápapọ̀. Tó bá tún jẹ́ ti pé ẹ fẹ́ fi dátà pa mọ́ lóòótọ́, ẹ má gbé fọ́ǹtì kankan wá rárá. Ẹ lo Roboto tàbí Noto tó bá fóònù Android wá, kò ní jẹ kọ́bọ̀. Ẹ dín àwòrán kù kẹ́ ẹ tó dín èdè kù.

Wọ́n ní, “A máa ya ọ̀rọ̀ náà sínú àwòrán, àmì á pé síbẹ̀.” Ìyẹn gan-an ni dátà. Afọ́jú ò lè gbọ́ ọ, Google lè má rí i wá, ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ̀dà gbólóhùn kan kò lè ṣe é. Ìwé ìkíni ọdún la máa ń kọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àròkọ.

Wọ́n ní, “Theme ọ̀fẹ́ ni, kò ṣeé tún ṣe.” Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? WordPress bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ìwé àṣẹ GPL tó gbé wá sì fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti tú u palẹ̀ kó tún un tò. Ẹni tó bá gbé e sórí sáfà ara ẹ̀ lè ṣe child theme, kí àtúnṣe tó ṣe má bàa parẹ́ lọ́jọ́ tí theme bá gba ẹ̀dà tuntun. Blogger, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, gbà yín láyè láti fi CSS kún un, kí ẹ sì ṣí HTML gan-an. Ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò kàn tíì ná an ni.

Wọ́n ní, “Àmì títẹ̀ ń pẹ́.” Gboard ní Yorùbá. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe YorubaName ti ṣe kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ fún kọ̀ǹpútà. BBC Yorùbá ń gbé ìròyìn jáde láti 2018 pẹ̀lú àmì ohùn, ìròyìn tó ń sáré mọ́ aago lọ́wọ́. Tí akọ̀ròyìn tó ní wákàtí kan bá ráyè fi àmì sí i, kí ni àwa tí à ń fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ àròkọ ń sọ?

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ ṣe kedere. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ni ọ̀rọ̀ tó bá a mu: òṣómàáló. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà àtijọ́ máa ń gbé aṣọ kiri, wọ́n á tà á láwìn. Tí ọjọ́ owó bá wá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò ní dìde títí owó á fi jáde. Irú ìlóṣòó yẹn ni íntánẹ́ẹ̀tì nílò lọ́wọ́ wa. Gbèsè wà nílẹ̀: a ń fún àwọn tó ń ṣe theme ní ojú wa, àkókò wa, nígbà mìíràn owó wa, wọn ò sì tíì fún wa ní àyè tí lẹ́tà wa máa fi na ọrùn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé theme, ẹ má wo àwòrán ìpolówó ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi gbólóhùn yìí dán an wò níbi àkọlé: “Ẹ̀GBỌ́N ṢẸ̀ṢẸ̀ KÚRÒ NÍ ÒṢÚ, Ó Ń LỌ SÍ ÌJẸ̀BÚ-JẸ̀ṢÀ.” Ẹ jẹ́ kó gùn dé ìlà méjì lórí fóònù. Tí àmì kan bá wọ́, ẹ tún un ṣe. Tí kò bá ṣeé tún ṣe, ẹ wá òmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó kọ́ wẹ́búsáìtì fún àwọn oníbàárà ní Òṣogbo àti Iléṣà, ẹ fi gbólóhùn yẹn sí ara iṣẹ́ yín. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ má san owó tó kù títí gbólóhùn yẹn á fi dúró láìfi orí kọ́gi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kóòdù, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ni theme, ẹ fi àwòrán ibi tó ti fọ́ ránṣẹ́, ẹ sọ àtúnṣe tó yẹ. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ tún kọ. Òṣómàáló kì í lọ lẹ́ẹ̀kan kó má padà.

Ẹ̀yin òǹkàwé náà kò gbọdọ̀ dákẹ́. Tí ẹ bá rí “Osu” níbi tó yẹ kí Òṣú wà, ẹ sọ fún ẹni tó kọ ọ́, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àmọ́ ẹ sọ ọ́. Àtúnṣe tí à ń wí ò gba ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Orúkọ ìlú tí a bá jẹ́ kó parẹ́, ó lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ láti rí i padà.